Ṣé O Wà Ńbẹ̀ Ni? Ọ̀rọ̀ Lórí Ọ̀wọ́n Akọ̀ròyìn Lójú Ogun

(Ọ̀rọ̀ àsọyé tí mo sọ níwájú àwọn akọ̀ròyìn àti akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ìròyìn ní Ìbàdàn, ní oṣù Bélú 2025. Bí mo ṣe sọ ọ́ náà ni mo ṣe kọ ọ́ síbí, àfi ibi díẹ̀ tí mo ti tún gbólóhùn ṣe.)

Alága ìjókòó yìí, mo kí yín o. Ẹ̀yin àgbà nínú iṣẹ́, ẹ̀yin tí ẹ ti ń kọ ìròyìn láti ìgbà táípúráítà, mo júbà. Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ewu. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ wà lẹ́yìn, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà nítorí pé àga kò tó, ẹ kú ìdúró, ẹ kú àfaradà ooru. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ wa ṣì í rìn. Àmín.

Nígbà tí wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ nípa ogun àti iṣẹ́ ìròyìn, mo jókòó, mo rò ó títí. Ohun tó wá sọ́kàn mi ni bàbá mi. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé ọ̀rọ̀ wọlé ní ilé wa, bóyá ìjà ni o, bóyá ilé tó jó ni o, ìbéèrè kan ni bàbá mi máa kọ́kọ́ bi í: "Ṣé o wà ńbẹ̀ ni, àbí wọ́n sọ fún ọ ni?" Bí o bá ní wọ́n sọ fún ọ ni, á ní kí o jókòó, kí o mu omi, kí a dúró de ẹni tó wà ńbẹ̀. Ìròyìn ò tó àfojúbà.

Ìbéèrè yẹn náà ni mo gbé wá síwájú yín lónìí. Gbogbo ogun tí ẹ ń gbọ́ nípa rẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́, ta ló wà ńbẹ̀? Kì í ṣe agbẹnusọ ológun ni mò ń bèèrè o. Kì í ṣe agbẹnusọ ọlọ́tẹ̀. Mò ń bèèrè ẹni tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn débẹ̀, tí kò wọ ọkọ̀ ológun, tí kò jẹun lọ́wọ́ wọn, tí kì í ṣe wọ́n ló ń yan ibi tó máa wò fún un. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, mélòó ló kù?

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ilé

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ìwé ìròyìn àti ogun fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ dé ni. Ọdún 1859 ni Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Ìwé Ìròyìn ní Abẹ́òkúta. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún wa pé ọ̀rọ̀ akọ̀ròyìn àti ogun jẹ́ ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó.

Àmọ́ ibi tí mo fẹ́ gbà wọlé gan-an ni Làìbéríà. Ẹ̀yin ọmọdé inú yín lè má mọ orúkọ méjì tí mo fẹ́ dá yìí. Krees Imodibie. Tayo Awotusin.

Ogun Làìbéríà bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ tó ṣáájú Kérésìmesì ọdún 1989, nígbà tí Charles Taylor àti àwọn ọlọ́tẹ̀ rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní NPFL gba ẹnubodè wọlé. Nígbà tó fi máa di oṣù Ògún 1990, àwọn ọmọ ogun ECOMOG, ìyẹn ọmọ ogun àpapọ̀ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ti gúnlẹ̀ sí Monrovia, Nàìjíríà ló sì kó èyí tó pọ̀ jù síbẹ̀. Láti ìgbà yẹn ni ọmọ Nàìjíríà, ì báà ṣe oníṣòwò, ì báà ṣe tíṣà, ti di ọ̀tá lójú Taylor. Ní ọdún yẹn kan náà ni Krees ti ìwé ìròyìn The Guardian àti Tayo ti Daily Champion gbéra lọ síbẹ̀. Wọ́n fẹ́ fi ojú ara wọn rí i. Ọwọ́ NPFL tẹ̀ wọ́n, wọ́n sì pa wọ́n. A ò rí òkú wọn gbé wálé.

Ọ̀dọ́mọdé akọ̀ròyìn ni mí nígbà náà ní Èkó. Ilé iṣẹ́ tiwa kì í ṣe tiwọn, ṣùgbọ́n nínú iṣẹ́ yìí, ta ni kì í ṣe ẹbí? Mo rántí bí ó ṣe máa ń rí ní ìrọ̀lẹ́. Bí fóònù orí tábìlì olóòtú bá dún, gbogbo wa á dákẹ́. Àwọn tó ń tẹ táípúráítà á dáwọ́ dúró. Olóòtú á gbé e, á gbọ́, á mi orí, táípúráítà á tún bẹ̀rẹ̀ sí í ró. Ẹnì kan á dé láti ìta, á ní òun gbọ́ pé wọ́n wà láàyè. Ẹlòmíràn á dé lọ́la, á ní òun gbọ́ ohun mìíràn. Èmi á wá rántí ìbéèrè bàbá mi. Kò sẹ́ni tó wà ńbẹ̀. Àwọn tó lọ síbẹ̀ kí àwa lè mọ̀, àwọn gan-an la ò mọ ibi tí wọ́n wà.

Ẹ gbọ́ ìyókù rẹ̀. Ní 2003, Charles Taylor, tó ti di ààrẹ Làìbéríà nígbà náà, fi orí oyè sílẹ̀, orílẹ̀-èdè wa Nàìjíríà sì fún un ní ibùgbé ní Calabar. Ó gbé ibẹ̀ títí di 2006, nígbà tó fẹ́ sá, tí wọ́n mú un ní Gamboru lẹ́bàá ẹnubodè Kamẹrúùnù. Àwọn akọ̀ròyìn pariwo nígbà tó ń gbé ibẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ àwọn ará wa wà lọ́wọ́ ọkùnrin yìí. Ta ló dá wọn lóhùn? Ní 2012, ilé ẹjọ́ dá ẹ̀wọ̀n 50 ọdún fún un, ṣùgbọ́n ohun tó ṣe sí àwọn ará Sàró, ìyẹn Sierra Leone, nìkan ni wọ́n fún ilé ẹjọ́ náà láṣẹ láti gbọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí ilẹ̀ Làìbéríà kò sí nínú ìwé ẹ̀sùn. Ọ̀rọ̀ Krees àti Tayo kò dé iwájú adájọ́ rí.

Mo fi èyí ṣíwájú nítorí pé ìbẹ̀rù tó mú kí akọ̀ròyìn wọ́n lójú ogun, ibí ló ti ń mu omi. Ẹni tó pa akọ̀ròyìn mọ̀ pé òun lè pa á kí òun sì lọ jẹun alẹ́. Ọjọ́ kejì oṣù Bélú yìí, tí àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé yà sọ́tọ̀ láti gbógun ti irú ìwà yìí, ṣé ẹ mọ ibi tí wọ́n ti mú ọjọ́ náà? Ọjọ́ yẹn ni wọ́n jí Ghislaine Dupont àti Claude Verlon ti Radio France Internationale gbé ní Kidal, lórílẹ̀-èdè Mali, ní 2013, tí wọ́n sì pa wọ́n. Òfin wà o. Àfikún àdéhùn Geneva tí wọ́n ṣe ní 1977 sọ pé aráàlú ni akọ̀ròyìn lójú ogun, kì í ṣe jagunjagun. Ìgbìmọ̀ Ààbò tún un sọ ní 2006. Ìwé pọ̀ nílẹ̀.

Abẹ́ àtẹ̀gùn kan ní Mariupol

Ẹ jẹ́ kí n fa ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni mo ti rí ohun tí ẹlẹ́rìí kan lè ṣe, àti ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹlẹ́rìí bá kúrò.

Ní òru mọ́jú ọjọ́ 24 oṣù Èrèlé 2022, ní nǹkan bí aago mẹ́ta ààbọ̀, ọmọ Ukraine méjì tó ń ṣiṣẹ́ fún Associated Press, ilé iṣẹ́ ìròyìn Amẹ́ríkà, Mstyslav Chernov àti Evgeniy Maloletka, wa ọkọ̀ wọ ìlú Mariupol. Wákàtí kan lẹ́yìn náà ni ogun bẹ̀rẹ̀. Vasilisa Stepanenko wà nínú ikọ̀ wọn. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, Rọ́ṣíà ti ká ìlú náà mọ́. Iná lọ. Omi lọ. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ. Àwọn akọ̀ròyìn ilẹ̀ òkèèrè yòókù ti jáde. Àwọn wọ̀nyí dúró.

Ibì kan ṣoṣo ló kù tí fóònù ti ń mú: ẹ̀bá ilé ìtajà oúnjẹ kan tí wọ́n ti kó ní ìkógun. Lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́, wọ́n á wa ọkọ̀ débẹ̀, wọ́n á lóṣòó sábẹ́ àtẹ̀gùn, wọ́n á máa fi àwòrán àti fídíò ránṣẹ́. Chernov fúnra rẹ̀ sọ pé àtẹ̀gùn náà kò lè gba ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ àdó olóró, pé ó kàn sàn ju ìta gbangba lọ lójú àwọn ni. Nígbà tó yá, ibẹ̀ náà kò mú mọ́.

Ní ọjọ́ 9 oṣù Ẹrẹ́nà, àdó olóró balẹ̀ sí ilé ìwòsàn àwọn aláboyún. Wọ́n sáré débẹ̀. Gbogbo wa la rí àwòrán náà: obìnrin kan lórí ibùsùn ìgbáláìsàn, ọwọ́ rẹ̀ lórí oyún, àwọn ọkùnrin ń gbé e kọjá láàárín àwókù. Obìnrin náà kú, ọmọ inú rẹ̀ náà kú. Wọ́n ya fídíò tán, wọn ò wá rí ọ̀nà fi ránṣẹ́. Ọlọ́pàá kan ló mú wọn lọ sí ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà. Wọ́n to fóònù wọn sílẹ̀, wọ́n gé fídíò náà sí ọ̀nà mẹ́ta kó lè yá, wọ́n sì ń wo bí ó ṣe ń lọ díẹ̀díẹ̀. Ó gbà wọ́n ní ọ̀pọ̀ wákàtí. Ìséde ti bẹ̀rẹ̀, àdó olóró ń bọ́, wọ́n ṣì wà níbẹ̀.

Kí ni Rọ́ṣíà wí? Wọ́n ní eré ni. Wọ́n ní òṣèré ni aláboyún kejì tí ẹ̀jẹ̀ wà lójú rẹ̀. Ẹ wá wo iṣẹ́ akọ̀ròyìn: àwọn ènìyàn wọ̀nyí tún padà lọ, wọ́n wá àwọn obìnrin náà dé ilé ìwòsàn mìíràn tí wọ́n gbé wọn lọ, wọ́n bá èyí tí wọ́n pè ní òṣèré lórí ibùsùn pẹ̀lú ọmọ obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí. Ta ló lè ṣe ìyẹn láti Lọ́ńdọ̀nù? Ta ló lè ṣe é láti Ìbàdàn? Ẹni tó wà ńbẹ̀ nìkan ni.

Níkẹyìn, àwọn ọmọ ogun Ukraine wá kó wọn jáde ní ibi tí wọ́n há sí. Ọlọ́pàá kan ló ṣàlàyé fún wọn pé bí Rọ́ṣíà bá fi mú wọn, wọn yóò fi wọ́n síwájú kámẹ́rà, wọn yóò sì fipá mú wọn sọ pé irọ́ ni gbogbo ohun tí wọ́n yà. Ní ọjọ́ 15, wọ́n jáde nílùú, wọ́n kọjá ibi ìyẹ̀wò Rọ́ṣíà 15 kí wọ́n tó bọ́.

Ní ọjọ́ kejì, ọjọ́ 16, àdó olóró balẹ̀ sí gbọ̀ngàn tíátà Mariupol. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn ló sá pamọ́ sínú rẹ̀. Wọ́n ti fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níta pé ọmọdé wà níbí, kí àwọn tó wà nínú ọkọ̀ òfuurufú lè kà á.

Ènìyàn mélòó ló kú níbẹ̀? Amnesty International, àjọ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, ní ó kéré tán, méjìlá, ó sì ṣeé ṣe kó pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Associated Press ṣe ìwádìí tiwọn, wọ́n ní ó sún mọ́ 600. Ẹ wò ó dáadáa, ẹ̀yin ará mi. Láti ilé ìwòsàn dé tíátà, ọjọ́ méje péré ló wà láàárín. Ìlú kan náà, ogun kan náà. Ti ilé ìwòsàn, a mọ ẹni tó kú, a mọ ọmọ tó bí, a mọ ẹni tó parọ́. Ti tíátà, àárín méjìlá sí 600 la ṣì wà. Ohun tó yàtọ̀ ni pé ẹni mẹ́ta ti kúrò nílùú.

Ojú tó ń wòlẹ̀ láti òkè

Èwe inú yín lè ní: "Bàbá, ayé ti yí padà. Fóònù wà lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn. Sátẹ́láìtì wà lókè. Kí la tún ń fi akọ̀ròyìn ṣe?" Ìbéèrè tó dára ni. Ẹ jẹ́ kí n dáhùn rẹ̀ pẹ̀lú ìlú méjì.

Ìlú àkọ́kọ́ ni Baga, ní ìpínlẹ̀ Borno, lẹ́bàá adágún Chad. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Sẹ́rẹ́ 2015, Boko Haram ya wọ ibẹ̀. Kò sí akọ̀ròyìn kankan nílé. Nígbà tí ìròyìn ń jáde, àwọn kan ní 2,000 ènìyàn ló kú. Iléeṣẹ́ ológun wa ní 150 ni, àti àwọn ọlọ́tẹ̀ tó kú mọ́ ọn. Láàárín 150 sí 2,000! Kí ni Amnesty wá gbé jáde? Àwòrán sátẹ́láìtì. Wọ́n fi hàn pé ilé àti ohun mìíràn tó bà jẹ́ ní Baga àti Doron Baga lé ní 3,700. Ilé ni wọ́n kà. Wọn ò lè ka ènìyàn. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni wọ́n pa àwọn oníṣẹ́ ìwé ìròyìn Charlie Hebdo ní Paris, gbogbo kámẹ́rà ayé sì wà níbẹ̀. Mi ò bínú sí Paris. Òkú ni òkú ń jẹ́. Ṣùgbọ́n wọ́n mọ orúkọ gbogbo àwọn tó kú ní Paris kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ìlú kejì ni El Fasher, ní Darfur. Ogun Sudan bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 15 oṣù Igbe 2023. Àwọn RSF, ẹgbẹ́ ológun tó ń bá àwọn ọmọ ogun ìjọba Sudan jà, dó ti El Fasher fún nǹkan bí ọdún kan ààbọ̀, ìlú náà sì bọ́ sọ́wọ́ wọn ní ọjọ́ 26 oṣù Ọ̀wàrà 2025. Báwo la ṣe mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀? Àwọn onímọ̀ kan ní Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà ló ń wo àwòrán sátẹ́láìtì. Wọ́n rí ohun tó gùn tó ìwọ̀n ara ènìyàn nílẹ̀. Wọ́n rí ibi tí ilẹ̀ ti pọ́n. Ẹ rò ó wò: ibi tí ilẹ̀ ti pọ́n. Ọlá ẹ̀rọ ni, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n sátẹ́láìtì ò lè bèèrè pé, "Màmá, kí lorúkọ ọmọ yín?" Kò lè gbọ́ ohùn. Kò lè wọ inú yàrá.

Ti fóònù wá ńkọ́? Fídíò jáde láti El Fasher lóòótọ́, ó pọ̀. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú rẹ̀, àwọn RSF fúnra wọn ló yà á, wọ́n ń yinbọn pa ènìyàn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí kámẹ́rà. Nígbà tí kò sí akọ̀ròyìn mọ́, apànìyàn ló di akọ̀ròyìn. Muammar Ibrahim, ọ̀kan nínú ìwọ̀nba akọ̀ròyìn tó kù nílùú náà, RSF mú un ní ọjọ́ tí ìlú bọ́ gan-an. Wọ́n fi í hàn nínú fídíò láàárín wọn. Títí di oṣù Bélú 2025 tí mo ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, kò tíì padà sílé.

Ilẹ̀kùn tí wọ́n tì

Láti oṣù Ọ̀wàrà 2023 tí Hamas ti kọ lu Ísírẹ́lì, tí Ísírẹ́lì sì gbé ogun wọ Gaza, ìjọba Ísírẹ́lì kò gba akọ̀ròyìn ilẹ̀ òkèèrè kankan láyè láti dá wọ ibẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó ti lé ní ọdún méjì. Ẹni tó bá wọlé, ológun ló mú un lọ, fún wákàtí díẹ̀, sí ibi tí wọ́n yàn, tí wọ́n sì ń ṣọ́ ọ. Ẹgbẹ́ àwọn akọ̀ròyìn ilẹ̀ òkèèrè ti gbé wọn lọ sí ilé ẹjọ́ gíga jù lọ níbẹ̀, títí di oṣù Bélú 2025 yìí, wọ́n ṣì ń sún ọjọ́. Èmi ò wá síbí láti dá ẹjọ́ Ísírẹ́lì àti Palẹ́sítínì. Èyí gan-an sì ni ìṣòro mi! Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Báwo la ṣe fẹ́ gbọ́ tọ̀tún-tòsì nígbà tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tó fẹ́ lọ bèèrè?

Ẹrù náà wá já lé àwọn akọ̀ròyìn ọmọ Gaza lórí. Wọ́n ń kọ ìròyìn ogun, ogun sì wà nínú ilé wọn. Ẹ rántí Wael al-Dahdouh ti Al Jazeera. Ó wà lórí afẹ́fẹ́, ó ń ṣiṣẹ́, nígbà tí wọ́n sọ fún un ní oṣù Ọ̀wàrà 2023 pé àdó olóró ti pa ìyàwó rẹ̀, ọmọkùnrin rẹ̀, ọmọbìnrin rẹ̀ àti ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ó sin wọ́n, ó padà sídìí kámẹ́rà. Ní oṣù Sẹ́rẹ́ 2024, wọ́n pa àkọ́bí rẹ̀ Hamza, akọ̀ròyìn bíi tirẹ̀. Anas al-Sharif, akọ̀ròyìn Al Jazeera mìíràn, ọmọ ọdún 28, wọ́n pa á ní ọjọ́ 10 oṣù Ògún 2025, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, nínú àgọ́ wọn lẹ́bàá ilé ìwòsàn al-Shifa. Ísírẹ́lì ní ọmọ Hamas ni. Ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní irọ́ ni, àjọ tó ń dáàbò bo akọ̀ròyìn, CPJ, náà ní Ísírẹ́lì kò mú ẹ̀rí wá. Ìwé CPJ sọ pé ó kéré tán, akọ̀ròyìn 124 ló kú káàkiri ayé ní ọdún 2024, kò sì tíì sí ọdún tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ṣáájú rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti ń kà á. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, Gaza ni.

Ohun kan wà tí mo kà ní oṣù Agẹmọ 2025 tí mi ò lè gbàgbé. Ẹgbẹ́ àwọn akọ̀ròyìn AFP, ilé iṣẹ́ ìròyìn Faransé, kọ̀wé. Wọ́n ní láti 1944 tí wọ́n ti dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀, àwọn ti pàdánù ènìyàn lójú ogun, àwọn ti ní ẹni tó fara gbọgbẹ́ àti ẹni tí wọ́n mú lẹ́rú, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni nínú àwọn tó rántí ìgbà tí ebi pa akọ̀ròyìn àwọn kú. Wọ́n ń bẹ̀rù pé yóò ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ ní Gaza. Ebi! Ẹni tó yẹ kó lọ ya fọ́tò ìlà oúnjẹ, òun náà wà lórí ìlà.

Kí ẹ má sì rò pé ọ̀nà jíjìn ni gbogbo èyí. Ní Burkina Faso, tí òun àti Bénìnì jọ pààlà, wọ́n mú ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn akọ̀ròyìn àti igbákejì rẹ̀ ní oṣù Ẹrẹ́nà 2025, nítorí pé wọ́n sọ̀rọ̀ lórí òmìnira iṣẹ́ wọn. Ìgbà tí a máa rí wọn nínú fídíò, aṣọ ológun ló wà lọ́rùn wọn. Wọ́n ti kó wọn lọ sójú ogun ní tipátipá. Oṣù Agẹmọ ni wọ́n tó dá wọn sílẹ̀. Àwọn ará wa wà ní Kandi, wọ́n wà ní Parakou, ní Bénìnì. Bí iná yẹn bá ń sún mọ́ wọn, ta ló máa sọ fún wa?

Owó ọkọ̀, owó oúnjẹ

Mo ti sọ ti ìbọn, mo ti sọ ti ilẹ̀kùn. Èyí tó kù, àwa la ni ín. Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ la ń ra èké.

Ní 2013, obìnrin akọ̀ròyìn kan, ọmọ Ítálì, tó ń dá ṣiṣẹ́ láti Síríà, kọ ọ́ síta pé dọ́là 70 ni wọ́n ń san fún òun lórí ìròyìn kọ̀ọ̀kan láti Aleppo. Dọ́là 250 ni ọkọ̀ lóòjọ́. Dọ́là 50 ni ibùsùn ilẹ̀ẹ́lẹ̀ fún alẹ́ kan ní ibùdó ọlọ́tẹ̀. Ẹ fi ìyẹn ro ó. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn tí wọ́n bẹ́ orí James Foley, akọ̀ròyìn ọmọ Amẹ́ríkà, ní Síríà, AFP ní àwọn ò ní ra iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó bá dá lọ síbi tí àwọn kò lè rán òṣìṣẹ́ tiwọn lọ. Mo gbóríyìn fún wọn, nítorí wọn ò fẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ torí owó kékeré kú. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà rí i: ilé iṣẹ́ kò rán ẹni tirẹ̀ lọ, kò sì ra ti ẹni tó dá lọ. Ta ló máa wá lọ?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọ̀rẹ́ mi kan. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, mi ò sì ní dárúkọ ìwé ìròyìn tó ń ṣiṣẹ́ fún. Maiduguri ló wà. Ní 2013, nígbà tí ìjọba kéde ìdágìrì, tí wọ́n gé gbogbo ìlà fóònù ní Borno, ó máa ń wọ bọ́ọ̀sì jáde ní ìpínlẹ̀ náà kó tó lè fi ìròyìn ránṣẹ́, á sì tún padà sí inú ewu náà. Kò ní ayẹta. Kò ní adójútòfò. Kò tiẹ̀ ní lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́. Ó gbẹ́ ihò sínú ọṣẹ ìfọṣọ, ibẹ̀ ló máa ń ki káàdì kámẹ́rà rẹ̀ sí, á fi omi pa ojú rẹ̀ dé. Ó mú ọ̀kan fún mi rí nígbà tí mo pàdé rẹ̀ ní Jos. Ọṣẹ aláwọ̀ búlúù, bí àtẹ́lẹwọ́ báyìí. Mo yí i síwá sẹ́yìn, mi ò rí ojú ihò náà.

Ó mọ̀ pé wọ́n pa Zakariya Isa ti NTA ní Maiduguri ní oṣù Ọ̀wàrà 2011. Ó mọ̀ pé wọ́n pa Enenche Akogwu ti Channels ní Kano ní oṣù Sẹ́rẹ́ 2012. Síbẹ̀ ó ń lọ, ó ń bọ̀. Ìwé ìròyìn rẹ̀ ń gbé iṣẹ́ rẹ̀ sójú ewé àkọ́kọ́. Ṣé ẹ mọ iye oṣù tí wọ́n fi jẹ ẹ́ lówó? Oṣù mọ́kànlá. Kì í ṣe Boko Haram ló lé e kúrò nínú iṣẹ́ o. Owó ilé ìwé àwọn ọmọ rẹ̀ ni. Ó ń ta bátìrì sólà báyìí. Ọjọ́ tó sọ fún mi pé òun ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, mo lọ sínú yàrá, mo sunkún.

Ohun tí mo wá bẹ̀ yín fún

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, mi ò ní kí ẹ lọ kú. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá fẹ́ lọ sójú ogun, kó kọ́kọ́ kọ́ bí a ṣe ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró. Ọ̀pọ̀ akọ̀ròyìn ló kú nítorí pé ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn kò mọ̀ ọ́n. Tim Hetherington kú irú ikú bẹ́ẹ̀ ní Misrata, ní Líbíà, ní 2011. Ẹ̀jẹ̀ dà lára rẹ̀ tán kí wọ́n tó gbé e dé ilé ìwòsàn. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ìtọ́jú ọgbẹ́ fún àwọn akọ̀ròyìn tó ń dá ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ẹ wá irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ kiri. Ẹ kọ́ èdè àwọn ará ibẹ̀. Kí ẹ má ṣe gbéra láìjẹ́ pé ẹnì kan nílé mọ wákàtí tí ẹ yóò pè, àti ohun tí yóò ṣe bí wákàtí náà bá kọjá.

Ẹ̀yin olùkọ́ wọn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi Krees Imodibie àti Tayo Awotusin sínú ẹ̀kọ́. Mo bi ọmọ mẹ́fà léèrè níta kí n tó wọlé yìí. Kò sẹ́ni tó mọ̀ wọ́n.

Ẹ̀yin olóòtú tí ẹ jókòó níwájú, ọ̀rẹ́ ni wá, mo sì ti ṣe olóòtú rí, mo mọ bí àpò ilé iṣẹ́ ṣe rí. Ṣùgbọ́n ó dá mi lójú pé nínú gbọ̀ngàn yìí, a ò ní ṣàì rí ẹni mẹ́ta, mẹ́rin, tó ní ẹnì kan ní Sókótó, tàbí Zamfara, tàbí Borno, tó ń kọ ìròyìn ránṣẹ́, tí wọ́n jẹ ní owó. Ẹ mọ orúkọ rẹ̀. Nọ́ńbà rẹ̀ wà nínú fóònù yín. A máa sinmi fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú báyìí kí ìbéèrè tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ jáde, ẹ pè é. Ẹ bi í léèrè ibi tó wà, ẹ bi í bóyá ó ti jẹun, kí ẹ sì sọ ọjọ́ tí owó rẹ̀ máa wọlé fún un.

Ẹ ṣeun, mo dúpẹ́.